Táyé Lọ Ọjà: Bí A Ṣe Kó Ẹ̀jìrẹ́ Jọ Sínú Fọ́tò Kan ní Ẹ̀pẹ́

Ìyá Ìbejì kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó gbé agbọ̀n ẹja yíyan rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Balógun, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì yọ fọ́tò kan jáde nínú àpò ìwé tó ti gbó. Fọ́tò íǹṣì 4 sí 6 ni, irú èyí tí lààbù máa ń fọ̀ fún wa nígbà tí fíìmù ṣì wà lóde. Obìnrin mẹ́rin to ara wọn síwájú ògiri aláwọ̀ búlúù níbi ìkómọ. Ní igun ìsàlẹ̀, nọ́ńbà pupa rúsúrúsú tí kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn máa ń tẹ̀ sára fọ́tò fi hàn pé 2006 ni.

"Ẹni kejì láti ọwọ́ òsì," ló wí. "Táyé mi nìyẹn. Kẹ́hìndé ń pé ogójì ọdún lóṣù tó ń bọ̀, wọn ò sì ní fọ́tò kan pọ̀ látìgbà tí wọ́n ti jáde ilé-ìwé. Bá mi kó wọn pọ̀ sójú kan."

Mo bi í bóyá Àǹtí Táyé á ráyè yọjú sí wa. Màmá wo ilẹ̀.

"Táyé lọ ọjà."

Ẹni tí Yorùbá tọ́ dàgbà mọ ohun tí ìyá ń sọ. A kì í fi ọ̀rọ̀ kejì sọ ìbejì, èmi náà ò sì ní kọ ọ́ síbí. Mo gba fọ́tò náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo ń kọ àkọsílẹ̀ yìí torí pé iṣẹ́ yẹn kọ́ mi ní ohun tí mi ò rí kọ́ nínú gbogbo fídíò tí mo ti wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwa onífọ́tò tó ń kọ́ bí a ṣe ń to fọ́tò léra, àlùmọ́gàjí ni a kọ́kọ́ máa ń wá. A ń wá bí a ó ṣe gé ènìyàn kúrò lójú kan láìba etí rẹ̀ jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò. Ọjọ́ mọ́kànlá ni iṣẹ́ yìí gbà lọ́wọ́ mi, mo sì fi òru mẹ́rin nínú rẹ̀ ṣòfò nítorí pé mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí n sọ irinṣẹ́ tí mo lò. Láptọ́ọ̀pù àlòkù ni mo ní, RAM rẹ̀, ìyẹn ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, kò ju 4 GB lọ. Tẹ́lẹ̀, ọmọkùnrin kan ní Ìkòròdú ló ń bá mi tún fọ́tò ṣe. Èmi á ya ìgbéyàwó àti wòlímọ̀, n ó fi fáìlì ránṣẹ́, òun á tún un ṣe, á dá a padà. Nígbà tí mo pinnu láti máa ṣe é fúnra mi, GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo gbé sórí ẹ̀rọ, torí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní máa béèrè owó dọ́là lọ́wọ́ mi lóṣooṣù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995, wọ́n sì gbé e jáde fún aráyé ní 1996. Photoshop, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ti ṣáájú rẹ̀ dé ní 1990 láti ọwọ́ Thomas Knoll àti àbúrò rẹ̀ John, ṣùgbọ́n Photoshop alára kò ní léyà títí di 1994. Ṣáájú ìgbà náà, bí o bá ti lẹ ènìyàn mọ́ fọ́tò, ó lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Léyà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí obìnrin ṣe ń múra òde ni kí o fi rò ó: ṣìmí wà lábẹ́, bùbá gorí rẹ̀, ìró dé, ìborùn wá lé gbogbo rẹ̀. Bí ìborùn bá wọ́, a ó tún un ṣe láìfọwọ́ kan ìró. Nínú GIMP, ohun kọ̀ọ̀kan ní léyà tirẹ̀, àmì ojú kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tẹ ojú náà, léyà yẹn á fara pamọ́. Tún un tẹ̀, á yọ padà. Ohunkóhun ò sọnù.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Àǹtí Kẹ́hìndé wá. Mo mú un jókòó ti fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń bọ̀ láti apá òsì rẹ̀, mo yà á, ó sì dára gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá. "Ṣebí ojú kan náà ni wá? Kúkú fi èmi ṣe méjèèjì."

Kì í ṣe òun ló máa kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún láàárín àwọn ọdún 1970, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, bí ẹni pé méjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á; á tún wọ irú aṣọ èkejì rẹ̀, wọ́n á tún yà á. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe nínú ilé ni fọ́tò yẹn wá ń ṣe. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà rẹ̀ fún mi rí: wọ́n á fi páálí dúdú bo ìdajì ìwé fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, wọ́n á tan iná sí ìdajì kejì, wọ́n á wá pààrọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ tí kò gbọn nìkan ló lè ṣe é tí ojú ìsopọ̀ kò fi ní hàn.

Lórí kọ̀ǹpútà, kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo ṣe ẹ̀dà léyà Kẹ́hìndé, mo yí ẹ̀dà náà padà kí ó kọjú sí òdìkejì, mo tì wọ́n súnmọ́ra. Inú mi dùn sí i. Mo ránṣẹ́ pe Màmá.

Kò wò ó pẹ́. "Kẹ́hìndé méjì lo gbé fún mi."

Ó fi ìka tọ́ka sí i níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka ẹja nínú agbọ̀n. Kẹ́hìndé ní àmì dúdú kékeré kan lábẹ́ ojú òsì. Nínú ẹ̀dà mi, àmì náà ti lọ sábẹ́ ojú ọ̀tún, ṣùgbọ́n Táyé kò ní àmì kankan lójú. Aago ọwọ́ òsì ti di ti ọwọ́ ọ̀tún. Ibi tí ìró ti bo ara rẹ̀ ti yí padà sí òdì, bí obìnrin kankan kì í ṣe ró o. "Àti pé Táyé kì í wo ènìyàn tààrà báyìí. Ó máa ń gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, kó tó rẹ́rìn-ín."

Ojú tì mí, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Ohun tí àwọn ará àtijọ́ ṣe tọ́, torí pé wọn ò ní fọ́tò ẹni tó lọ. Ọwọ́ tèmi ni ojú Táyé gan-an wà, nínú fọ́tò tí ìyá rẹ̀ so mọ́ etí ìró wá láti Ọjà Olúwo, mo wá lọ ń wá ojú rẹ̀ lára ẹlòmíràn. Mo pa fáìlì yẹn rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Fóònù ni mo ti kọ́kọ́ fi ya fọ́tò àtijọ́ náà, iná àjà sì ń tàn yanran lára rẹ̀. Èyí kò wúlò. Mo gbé e lọ sí ibi ìtẹ̀wé kan ní Ayétòrò tí wọ́n ní ẹ̀rọ sikánà, mo fi aṣọ rírọ̀ nu dígí ẹ̀rọ náà, mo sì bẹ ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kó fi 600 dpi ṣe é, ìyẹn àmì 600 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, kó sì tọ́jú rẹ̀ sí irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní TIFF, kó má ṣe é ní JPEG. JPEG máa ń ju díẹ̀ nínú fọ́tò nù ní gbogbo ìgbà tí a bá tún un tọ́jú, ohun tó bá sì ti jù nù kò ní padà mọ́. Mo ní kó má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí pé ìyẹn náà máa ń fún fọ́tò mọ́ra. Orí fúláàṣì dírafù ni mo gbà á sí.

Mo wá wọn ojú Táyé. Láti iwájú orí dé àgbọ̀n, kò ju íǹṣì 0.7 lọ lórí ìwé. Bí a bá sọ ọ́ di pixel, àwọn àmì kéékèèké tí fọ́tò orí kọ̀ǹpútà fi di odidi, 420 ni ní 600 dpi. Màmá fẹ́ férémù ńlá, ti íǹṣì 16 sí 20, èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́ pálọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé bí mo bá fa ojú yẹn dé ibẹ̀, yóò rí bí ẹni tó wà lẹ́yìn kùrukùru. Lábẹ́ 300 dpi tí fọ́tò tó mọ́ ń fẹ́, pixel 420 á fún wa ní ojú tó ga tó íǹṣì 1.4, ìyẹn sì bá férémù íǹṣì 8 sí 10 mu wẹ́kú. Ó ro ó. "Kó kéré, kó mọ́," ló wí. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Kò sì ní àǹfààní kí n fi 1200 dpi tún un ṣe; ìwé fọ́tò fúnra rẹ̀ kò ní ju ohun tó ní lọ.

Àwọ̀ rẹ̀ ló gba ọjọ́ méjì. Fọ́tò náà ti wà lára ògiri tó kọjú sí fèrèsé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Màmá tó tọ́jú rẹ̀, oòrùn sì ti fà á. Ohun tó yẹ kó dúdú ti rí bíi kọfí, ohun tó yẹ kó funfun ti rí bí èèpo àlùbọ́sà. Nínú GIMP, mo ṣí Levels. Òkè kékeré kan ló máa hàn sí ọ níbẹ̀, tó ń sọ iye pixel tó wà ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti 0 tó jẹ́ dúdú dé 255 tó jẹ́ funfun. Òkè ti Táyé kún àárín, ó sì ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì: kò sí dúdú tó dúdú, kò sí funfun tó funfun. Mo kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì tó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ojú Táyé di eérú. Ògiri búlúù ló kún fọ́tò náà, ẹ̀rọ rò pé búlúù ti pọ̀ jù ni, ó sì ń gbógun ti ohun tó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Aṣọ ló yọ mí. Ọmọ Kẹ́hìndé ni wọ́n ń sọ lórúkọ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ìbejì sì wọ àǹkárá kan náà. Inú yàrá ni Kẹ́hìndé wà, ó ń fún ọmọ lọ́mú, nígbà tí onífọ́tò to àwọn mẹ́rin yìí jọ síta; ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú rẹ̀. Àǹtí Kẹ́hìndé ṣì ní bùbá yẹn. Ìfọ̀ ti mú un ṣí, ṣùgbọ́n nígbà tí a yí i dé, tí a tú ojú rírán abẹ́ apá, àwọ̀ tó wà nínú ibẹ̀ ṣì mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Mo tẹ́ ẹ lé ìwé funfun lábẹ́ òjìji igi lọ́sàn-án, mo yà á. Àwọ̀ ìyeyè tó wà lára àǹkárá náà ka 214, 158, 40 lórí ẹ̀rọ mi, ìyẹn red, green àti blue. Ìyeyè kan náà lára Táyé ka 221, 139, 78. Ó wá hàn kedere. Blue ti ga jù, green ti rẹlẹ̀ díẹ̀, red kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ sínú Curves, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ ká yí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan padà lọ́tọ̀, mo fa blue wálẹ̀, mo gbé green sókè díẹ̀, títí ìyeyè méjèèjì fi bá ara wọn mu. Kí n tó gbójú sókè, awọ ara Táyé ti padà dé.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fi ń yẹ awọ ara wò, mo sì fẹ́ kí gbogbo onífọ́tò mọ̀ ọ́n. Awọ ènìyàn, ì báà dúdú, ì báà pupa, red ló máa ń ga jù nínú rẹ̀, green á tẹ̀lé e, blue á kéré jù. Bí blue bá ga ju green lọ lójú ènìyàn, àwọ̀ ti ṣì nìyẹn. Dídúdú kò sì túmọ̀ sí àṣìṣe tí a ní láti wá ojútùú sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí wọ́n ń pè ní Shirley, tí àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun wà lára rẹ̀, ni Kodak, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, ń fún àwọn lààbù láti fi tún àwọ̀ ẹ̀rọ wọn ṣe. Awọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n, awọ tiwa á sì jáde bí èédú. Àwọn oníbàárà wa náà ti wá ń sọ pé kí a "tan án díẹ̀". Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀. Táyé ló ń bá a dúró nídìí ààrò ẹja, ó ní ó dúdú ju Kẹ́hìndé lọ díẹ̀, kí n jẹ́ kó dúdú.

Mo wá gbé Táyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kẹ́hìndé, èyí tí mo yà lójú fèrèsé. Ó rí bí sítíkà tí ọmọdé lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Mo rò pé etí rẹ̀ ni kò dán. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ yí i ká, kò gbà. Mo sọ etí rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò gbà. Mo dín àwọ̀ Kẹ́hìndé kù, mo fi kún ti Táyé, mo ń lọ mo ń bọ̀. Òru mẹ́rin. Ní òru kẹrin, mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin Ìkòròdú yẹn, ó sì pè mí láàárọ̀. Ìbéèrè kan péré ló bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ni òjìji imú wọn ṣubú sí?"

Mo wò ó. Òjìji imú Kẹ́hìndé na sí apá ọ̀tún ojú rẹ̀, torí pé òsì ni fèrèsé wà. Imú Táyé kò ní òjìji rárá. Iwájú tààrà ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wá, fíláàṣì orí kámẹ́rà, pẹ̀lú ìlà òkùnkùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ògiri lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Oòrùn méjì ló ń ràn nínú fọ́tò kan. Ojú ènìyàn máa ń rí i kí ọkàn tó mọ ohun tó rí, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó wò ó fi ń sọ pé "nǹkan kan ń ṣe é" láìlè dárúkọ nǹkan náà. Èmi sì ti fi òru mẹ́rin gbá etí ẹ̀wù nígbà tí ọ̀rọ̀ wà lórí imú.

Mi ò lè yí ìmọ́lẹ̀ Táyé padà. Ẹni tó wà nílé la lè sọ fún pé kó sún díẹ̀. Ẹni tó ti lọ ọjà, ibi tó dúró sí náà ló dúró sí. Kẹ́hìndé ló gbọ́dọ̀ wá bá a. Ìgbà tí mo rò ó dé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Fọ́tò 2006 fúnra rẹ̀ ni mo sọ di léyà ìsàlẹ̀ pátápátá, ògiri rẹ̀, òjìji rẹ̀, Táyé níbi tó wà. Obìnrin kẹta tó dúró lápá ọ̀tún rẹ̀ ni Kẹ́hìndé máa bò, n ó sì gé àwọn méjì tó wà léteetí kúrò.

Mo pe Àǹtí Kẹ́hìndé padà. Kí ó tó dé, mo ka fọ́tò àtijọ́ bí ìwé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wo ìsàlẹ̀ díẹ̀, nítorí náà onífọ́tò ọjọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Èmi náà bẹ̀rẹ̀. A rí wọn láti orí dé ìbàdí, mo sì dúró bíi mítà méjì àtààbọ̀ sí i, torí pé bí a bá súnmọ́ ènìyàn jù, imú á fẹ̀, etí á sì sá sẹ́yìn, bó o bá sì fi lénsì fa ènìyàn súnmọ́ láti òkèèrè, ojú á tẹ́. Mo ti fèrèsé pa, mo fi fíláàṣì sórí kámẹ́rà, mo kọjú rẹ̀ sí i tààrà. Mo sì gbé láptọ́ọ̀pù sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n lè máa fi ojú Táyé wé ohun tí mò ń yà.

Àǹtí Kẹ́hìndé kò tíì rí ojú yẹn ní ńlá rí. Fọ́tò kékeré nínú àpò ìyá wọn ló mọ̀. Ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo rí i tí àgbọ̀n tirẹ̀ náà gòkè díẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ní kó ṣe é. Mo tẹ kámẹ́rà.

Gígé Kẹ́hìndé jáde kò gba wákàtí kan, mi ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ìlànà kan ṣoṣo ni: má fi irésà pa ohunkóhun rẹ́. Fi mask, ìyẹn ìbòjú tí kì í pa nǹkan rẹ́, sórí léyà. Bó o bá fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú kùn ún, ibẹ̀ á fara pamọ́. Bó o bá fi funfun kùn ún, á yọ padà. Eérú á jẹ́ ìdajì. Mo jẹ etí Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi funfun dá a padà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọwọ́ kan ló dá mi dúró. Nígbà tí mo gbé Kẹ́hìndé lé obìnrin kẹta, ara obìnrin náà wọ abẹ́ rẹ̀ tán, àfi ìka mẹ́ta tó fi lé èjìká Táyé. Ìka mẹ́ta láìsí ènìyàn. Mo lè fi irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà kun àǹkárá lé e, ṣùgbọ́n ọnà ara aṣọ náà máa wọ́, ojú á sì mọ̀. Mo bẹ Àǹtí Kẹ́hìndé kó padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, kó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga tí gíga rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú èjìká. Lábẹ́ fíláàṣì kan náà, láti ibi kan náà, mo ya ọwọ́ yẹn nìkan. Ó ní léyà tirẹ̀. Ó bo ìka mẹ́ta náà pátápátá, Kẹ́hìndé sì wá gbé ọwọ́ lé ìkejì rẹ̀.

Òjìji ṣì kù. Mo fi léyà kan sábẹ́ Kẹ́hìndé, mo kun ìrísí rẹ̀ síbẹ̀, mo sún un sí apá ọ̀tún díẹ̀ bí ti Táyé, mo fi Gaussian Blur sọ ọ́ di rírọ̀, mo sì yí léyà náà sí Multiply. Ohun tí Multiply ń ṣe ni pé ó ń sọ nọ́ńbà léyà òkè di ìlọ́po ti ìsàlẹ̀, á wá pín in sí 255: funfun kò ní hàn rárá, ohun tó bá ṣókùnkùn á mú ògiri ṣókùnkùn sí i, ọnà ara ògiri ò sì ní parẹ́. Mi ò lo dúdú lásán. Inú òjìji Táyé fúnra rẹ̀ ni mo ti bu àwọ̀ náà, búlúù tó jinlẹ̀, mo sì fi í sí ìwọ̀n 45 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kẹ́hìndé tún mọ́ jù. Fíìmù ní hóró kéékèèké, bíi gaàrí tí a kù dáadáa, kámẹ́rà òde òní kò ní in. Mo dín mímọ́ rẹ̀ kù díẹ̀, mo da noise, ìyẹn hóró àtọwọ́dá, díẹ̀ sórí léyà rẹ̀ nìkan, mo sì ń wò ó ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún ìtóbi rẹ̀ títí awọ àwọn méjèèjì fi rí bí ohun tó jáde láti inú ìwé kan.

Àwọn méjèèjì wá wò ó ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá àti ọmọ. Màmá ti jókòó lọ́tẹ̀ yìí. Àǹtí Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni Táyé nínú fọ́tò, òun ti ń wọ ogójì. "Jọ̀wọ́, bá mi fọ ojú mi díẹ̀, ká lè dọ́gba."

Mo ti retí rẹ̀. Mo ti ṣe léyà kan sílẹ̀ tó pa ìlà ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ àti abẹ́ ọrùn rẹ̀ rẹ́. Mo tẹ àmì ojú, Kẹ́hìndé kéré. Mo tún un tẹ̀, ó dàgbà. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

"Pa á," ni Màmá wí. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú yín?"

Àǹtí Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Èmi ni, Màmá."

"Ṣebí ìwọ lo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò? Ẹ̀gbọ́n ló ń dàgbà. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Mo pa léyà yẹn rẹ́ lójú wọn.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo kọ́kọ́ tẹ èyí tó kéré wò ní lààbù, ó sì ṣókùnkùn ju bí mo ṣe ń rí i lọ, torí pé mo ti tan iná ojú láptọ́ọ̀pù mi pọ̀ jù. Mo padà sí Levels, mo sún àmì àárín láti 1.00 dé 1.15, ó tó. Fáìlì XCF tí gbogbo léyà wà nínú rẹ̀, mo tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì. Sí ẹ̀yìn férémù, mo fi bírò kọ ọ́ pé fọ́tò méjì ni a pa pọ̀, ti 2006 àti ti ọdún yìí. Màmá bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìyẹn. Mo ní nítorí ọmọ ọmọ wọn ni. Mo gbà pé iṣẹ́ irú èyí kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa láìsí ìwé lẹ́yìn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjọ́ìbí náà, ọmọbìnrin kan gbé kúlà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀wà ni, epo pupa ń dán lórí rẹ̀, abọ́ méjì ló sì wà pẹ̀lú rẹ̀. "Màmá àgbà ní kí n gbé e fún yín." Òun ni ọmọ tí wọ́n ń sọ lórúkọ lọ́jọ́ yẹn, ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógún. Fọ́tò náà ṣì wà lójú láptọ́ọ̀pù mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Ṣé ọjọ́ ìkómọ mi nìyí?"

Mo ní ọjọ́ náà ni, ṣùgbọ́n inú yàrá ni ìyá rẹ wà, ìwọ ló ń fún lọ́mú. Mo tẹ àmì ojú léyà Kẹ́hìndé, lẹ́yìn náà ti ọwọ́, lẹ́yìn náà ti òjìji. Ìyá rẹ̀ kúrò. Obìnrin kẹta yọ padà síwájú ògiri búlúù, pẹ̀lú ìka mẹ́ta rẹ̀ lórí èjìká Táyé.

"Ta nìyí?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó ya ojú láptọ́ọ̀pù náà, ó ní òun ń lọ bi Màmá àgbà.